Àgbò Kúlúsúmù Kò Sá fún Ìbọn

Bí àwọn ará Bẹ́yẹ́runkà bá ń ka àwọn èèyàn pàtàkì àdúgbò wọn, ẹnu wọn kì í kúrò lórí jagunjagun. Wọn á ka ẹni tó mú ẹrú bọ̀, wọn á ka ẹni tí ọta ìbọn bà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò kú, wọn á ka ẹni tó ní ẹṣin méje. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n, ta ni yóò ní kí wọ́n má ṣògo? Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní agboolé Gàfárù nígbà náà tí kò gbé idà rí, tí kò tilẹ̀ lè dúró níbi tí ìbọn bá ti ń dún, ìtàn tiẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn ń gbé àyà sókè sọ. Kúlúsúmù ni orúkọ rẹ̀. Àgùntàn ló ń sìn.

Ọdún tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí i. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun ya wọ oko tí wọ́n ń gbé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá náà fi ń sá kiri inú igbó, tó ń gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìn, kó tó fojú kan odi Ìbàdàn. Nígbà tó bí ọmọ, ọmọ pé pérépéré, kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gúnyán nílé kejì, Kúlúsúmù á ta gìrì, á figbe ta. Bí ìjì bá gbá ilẹ̀kùn, ẹ ó bá a lábẹ́ ẹní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ojo. Bàbá rẹ̀ mú pàṣán lọ́jọ́ kan, ó ní òun yóò na ẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló bọ́ sáàárín.

Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ má nà án o. Èmi ni mo sáré, òun ló ń mí hẹlẹ.”

Kúlúsúmù kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láéláé. Ó dàgbà, ó di arẹwà obìnrin, Àkíbù tó ń hun aṣọ òfì fẹ́ ẹ, wọ́n bí Kúbúrá. Ẹ̀rù náà kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí ìbọn bá dún, á di etí aṣọ ìró rẹ̀ mú gírígírí títí ariwo náà yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé kò tilẹ̀ mọ̀.

Gàfárù, ẹ̀gbọ́n Àkíbù, ni baálé ilé náà. Láti ayé bàbá wọn, agboolé wọn ló ń mú àgbò tí Lèmọ́mù àdúgbò ń dúńbú ní Yídì wá lọ́jọ́ Iléyá. Kì í sì í ṣe àgbò ọjà. Inú ilé ni wọ́n ti ń bí i, inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín. Bí ọjọ́ bá pé, wọn á fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọn á fi aṣọ funfun kọ́ ọ lọ́rùn, wọn á fà á gba Bẹrẹ kọjá kí gbogbo ayé rí i. Àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ti jagun á máa yin ìbọn, àwọn obìnrin á máa kọrin tẹ̀ lé e. Bí àgbò náà bá rìn bí ọmọ olóyè, agboolé Gàfárù á máa fi ṣakọ títí ọdún yóò fi yí po. Ìyá ọkọ Kúlúsúmù ló ń tọ́jú àwọn àgùntàn wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí màmá náà kú, okùn wọn bọ́ sọ́wọ́ Kúlúsúmù.

Àgbò kejì tó sìn ló kó ìtìjú bá wọn.

Àgbò ńlá ni o. Ìwo rẹ̀ ká kò lẹ́ẹ̀mejì, igẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Àkíbù ló fa okùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ọkùnrin ni wọ́n ń jẹ́ kó fà á. Wọ́n dé Bẹrẹ, ìbọn àkọ́kọ́ dún, àgbò já okùn mọ́ Àkíbù lọ́wọ́. Ó da igbá aláta nù, ó fo kòtò, ó sì kó wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí tíṣà tí wọ́n ń pè ní Olúyẹmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD. Tíṣà náà ló fi sùúrù fà á padà wá, ojú ń ti òun gan-an bá wọn. Àwọn àgbà sọ pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Èyí kò fẹ̀yìn rìn rárá, iwájú ló kọjú sí, eré ló sì ń sá. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ọjà'ba ti gbọ́ pé àgbò Gàfárù ti lọ gba ìrìbọmi, pé Jósẹ́fù ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ mọ ẹnu ará Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹta ọdún ni Gàfárù pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbò ilé ti parí, pé lọ́dọ̀ àwọn Gàmbàrí ni wọn yóò ti máa ra àgbò láti ìsinsìnyí lọ. Ó ní kí wọ́n wó ọgbà àgùntàn tó wà lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n fi ibẹ̀ kó igi ìdáná sí. Àwọn ọkùnrin mirí. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni Kúlúsúmù bá kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí àgbò yẹn. Inú ìyá rẹ̀ ló ti kó o.”

Gàfárù yíjú sí i. “Ìyá rẹ̀ bá wa lọ Bẹrẹ ni?”

“Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wa àgbà, bàbá tó bí yín, kú, oyún rẹ̀ ló wà níkùn ìyá. Ẹ rántí pé iwájú ilé níbí la so ìyá náà mọ́, kí àwọn àlejò lè rí i pé ilé yìí ní ẹran, kó sì máa rí èèpo iṣu jẹ. Ọjọ́ méje ni àwọn ẹgbẹ́ Bàbá àgbà fi yin ìbọn lé e lórí. Kò rí ibi sá sí, èèkàn ló ń pòòyì ká. Ẹ̀rù tó ba ìyá nígbà yẹn ni ọmọ gbé wá sáyé. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi wà nínú ẹ̀.”

Ẹ̀rín sọ láti igun dé igun. Sẹ̀gilọlá, ìyàwó kékeré tí Gàfárù fẹ́ gbẹ̀yìn, ló tilẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Ó ní, “Ìyálé, ẹ kúkú bá wọn so abẹ́rẹ́ mọ́ ìró àgùntàn, bí ó bá ń lọ lọ́sàn-án gangan, kí nǹkan má lọ pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀.” Ilé tún hó yèè. Kúlúsúmù kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde.

Ó ní, “Ẹ fún mi ní Iléyá méjì. Ẹ ra ti èyí tó ń bọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, tèmi ni.”

“Bí ó bá tún sá ńkọ́?”

“Ẹ wó ọgbà náà. Mi ò ní fọwọ́ kan okùn ẹran mọ́ nílé yìí.”

Ohun tó fi sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọgbà yẹn nìkan ni nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ láàárín agboolé tí ọgọ́rin èèyàn ń gbé. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í pè é ní ìyàwó ẹnì kan tàbí ìyá ẹnì kan, ibi tí wọ́n ti ń dúró de ohùn rẹ̀ láràárọ̀. Gàfárù ní ó dáa.

Ẹ wá wo bí Kúlúsúmù ṣe ṣe é. Abo àgùntàn méjì ni àgbò gùn nílé lọ́dún yẹn. Pupa jẹ́ tirẹ̀, Dúdú jẹ́ ti Sẹ̀gilọlá. Àgbò kan náà ló gun àwọn méjèèjì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ara wọn. Kúlúsúmù mú Pupa lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí ògiri ti nípọn jù, ó fi màrìwò bo orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lé Pupa. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kígbe mọ́ ọn tàbí kó pa adìyẹ lójú rẹ̀. Wákàtí kan náà ló ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ohùn kan náà ló sì fi ń pè é. Ajá ọdẹ Gàfárù tó bá ya ẹ̀yìnkùlé, ìgbálẹ̀ ni Kúlúsúmù fi ń pàdé rẹ̀. Ó bẹ Sẹ̀gilọlá pé kó jẹ́ kí Dúdú náà wá síbẹ̀. Sẹ̀gilọlá ní rárá, ẹran òun kì í ṣe ìyàwó Lèmọ́mù tí wọ́n ń há mọ́lé, iwájú ilé ni èèpo iṣu wà.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń la òpópó tuntun kọjá lẹ́bàá agboolé wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta. Bí ẹ̀tù bá bú, ilẹ̀ á mì. Dúdú á sáré yí èèkàn ká títí okùn yóò fi fún un lọ́rùn, wọn á wá tú u, wọn á tún so ó padà síbẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sanra, wọ́n sì ń yìn ín. Pupa kò sanra tó o. Àkíbù bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí ọbẹ̀ pẹ́ kó tó jinná. Ó ní, “Ìyá Kúbúrá, mò ń bọ̀ wá gbé èèkàn tèmi náà sẹ́yìnkùlé níbẹ̀, bóyá màá tètè rí oúnjẹ jẹ.” Kúlúsúmù ní kó máa bọ̀, àyè wà.

Àwọn méjèèjì bí akọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Dúdú kò ní wàrà, kò tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọ sún mọ́ òun, bí ọmọ bá ti dé ìdí rẹ̀ ló ń fò kúrò. Kúlúsúmù gbé ọmọ náà, ó fi iyọ̀ pa á lára, ó gbé e síwájú Pupa. Pupa lá iyọ̀ náà, ó lá ọmọ náà, ó sì gbà á mọ́ tirẹ̀. Báyìí ni ọmọ méjèèjì ṣe ń mu ọmú kan náà nínú ọgbà kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé títọ́ ló ń fa ẹ̀rù, ìwà wọn ì bá dọ́gba.

Kò dọ́gba. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kúlúsúmù pe Gàfárù wá, ó ju igbá lu ilẹ̀ gbàá. Ọmọ Pupa gbé orí sókè, ó wo igbá, ó padà sídìí ọmú. Ọmọ Dúdú fò, ó forí sọ ògiri, ó ṣubú, ó dìde, ó tún forí sọ ọ́, ó wá dúró sí kọ̀rọ̀ tó ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó lè mu ọmú. Gàfárù fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọdé ni wọ́n. Ó di Bẹrẹ ká tó mọ̀.”

Sẹ̀gilọlá ní kí wọ́n ta ọmọ Dúdú fún alápatà, kò lè wúlò. Kúlúsúmù kọ̀ jálẹ̀. Ó mọ ọmọ yẹn. Ó mọ ohun tó ń gbọ́ tí àwọn tó kù kò gbọ́. Kò nà án, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń jẹ́ kó sùn láàárín Pupa àti ọmọ Pupa, bí nǹkan bá dún, á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Nígbà tó di bí oṣù mẹ́jọ, kò forí sọ ògiri mọ́. Á gbọ̀n, á wojú èkejì rẹ̀, bí èkejì bá ń jẹun, òun náà á tẹrí ba, á máa jẹ. Ẹ̀rù náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹni bá a gbé e. Inú Kúlúsúmù dùn sí èyí ju bí inú rẹ̀ ti ń dùn sí ọmọ Pupa tó ń dàgbà, kò kàn wí fún ẹnikẹ́ni ni.

Iléyá kan kọjá. Àgbò Gàmbàrí rìn dáadáa, kò sá, kò sì wu ẹnikẹ́ni. Iléyá kejì pé.

Kúlúsúmù kì í lọ Yídì tẹ́lẹ̀. Nítorí ìbọn, ó máa ń wá iṣẹ́ kan ṣe nílé lọ́jọ́ ọdún. Lọ́dún yìí, ó wọ aṣọ òfì tí ọkọ rẹ̀ hun fún un, ó bọ́ sáàárín àwọn obìnrin. Àkíbù ló fa okùn. Ọmọ Pupa ti di àgbò gìrìwò, irun rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn òjò, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹrẹ kún fọ́fọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé àgbò ilé tún ń bọ̀, àwọn ọmọdé sì ti gun orí òkìtì, wọ́n ń pè é, “Jósẹ́fù! Jósẹ́fù ò!” Ọlọ́dẹ kan tó fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ki ẹ̀tù sínú ìbọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbọn náà bú gbàùù. Ẹṣin olóyè kan gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó yí bìrì, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí àgbò wà. Àwọn èèyàn tú yááyáá. Àkíbù, ọkọ obìnrin tí wọ́n ń pè ní ojo, ju okùn sílẹ̀, ó bẹ́ sínú kòtò.

Àgbò nìkan ló kù láàárín ọ̀nà.

Gbogbo Bẹrẹ ń wò ó. Ìbọn kejì tún dún. Àgbò gbé orí sókè, ó na etí, ó wo ẹṣin náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ̀wà hù. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó ṣa ewé àgbàdo kan tí ẹnì kan jù sílẹ̀ nígbà tó ń sá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ̀rù ba Kúlúsúmù, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa. Ó ti di etí aṣọ ìró rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó rí okùn nílẹ̀, ó sì rí i pé bí ẹnì kan kò bá mú un báyìí, àwọn ọmọdé yóò sọ̀kò, wọn yóò lé e, wọn á sì ní ó sá. Ó jọ̀wọ́ etí aṣọ náà. Ó jáde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn lọ sí àárín ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn. Ó bẹ̀rù pé ẹ̀rù òun yóò gba inú okùn dé ara ẹran. Àgbò náà fi orí ha itan rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Báyìí ni obìnrin ṣe fa àgbò Iléyá láti Bẹrẹ dé Yídì, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn agboolé yẹn. Ìbọn kò dákẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ó bá dún, obìnrin á ta gìrì, ẹran á dúró dè é, wọn á tún jọ máa lọ. Ní ìdajì ọ̀nà, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn dá orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí:

Ẹ wá wò ó, ẹ wá wò ó,
Ìbọn dún, àgbò wa ò sá,
Kúlúsúmù ló sìn ín.

Lèmọ́mù jáde wá bá a létí Yídì. Ó béèrè ẹni tó sin ẹran náà. Kúlúsúmù ní, “Èmi ni, Àáfáà.” Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà yẹn. Nígbà tí ìrun parí, tí Lèmọ́mù fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ agbádá tó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àgbò náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀ fún Kúlúsúmù tó bá ń wo pátákò rẹ̀. Kò jà. Lèmọ́mù ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Kúlúsúmù kò gbójú kúrò. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àgbò náà ni Kúlúsúmù ti mọ ohun tí òun ń sìn ín fún. Ohun tó fẹ́ fún un ni pé kó má fi ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rù láyé, láti inú ìyá rẹ̀ títí dé ojú ọ̀bẹ, ó sì ti fún un. Èèyàn mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ gbà ní Ìbàdàn?

Gàfárù kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ilé ló ti sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí ẹran olóyún tí wọn yóò tún so mọ́ iwájú ilé òun mọ́, àti pé kí wọ́n fẹ ọgbà Ìyá Kúbúrá dé ìdí igi oróm̀bó. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó bi í bóyá kòtò Bẹrẹ jìn. Àkíbù ní kò jìn púpọ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún, ní ọ̀sán, àwọn àlejò ṣì ń yin ìbọn níwájú ilé. Kúlúsúmù wà nínú ọgbà, ó ń gbá ìgbẹ́ ẹran, ọmọ Dúdú dúró tì í. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan. Sẹ̀gilọlá ni, ó ká ẹní sábẹ́ abíyá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ìbọn dún níwájú ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn.

Ó ní, “Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ẹnì kan ṣì wà lọ́dọ̀ yín?”

Kúlúsúmù wò ó. “Ṣé Dúdú ti tún lóyún ni, ìyàwó?”

Sẹ̀gilọlá tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ó di ọdún kẹrin tó ti wà nílé ọkọ láìgbọ́ ìró ọmọ. Ó ní, “Kì í ṣe Dúdú. Mi ò tíì sọ fún Baálé pàápàá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ wá bá.”

Kúlúsúmù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ọmọ Dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí ìdí ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí ìró ìbọn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ dé.